Ẹsẹ̀ Tó Gbé Douglas Wilder Dé Ilé Gómìnà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Virginia. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín o. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bó ṣe kan àwa àgbà lọ. Ìyá wa alága, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Àwọn tó wakọ̀ wá láti Norfolk, àwọn tó ti Alexandria wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọlọ́run á sìn yín padà délé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ta ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? Ẹ rí i, gbogbo yín lẹ dáhùn. Ti Ọ̀ṣun ńkọ́? Ti Èkó ńkọ́? Ẹ mọ gbogbo wọn. Ẹ mọ ẹni tó ń bá wọn fà á, ẹ tún mọ ẹni tó fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ wọn. Ó dáa. Ẹ wá dárúkọ gómìnà mẹ́ta tó ti jẹ ní Virginia yìí fún mi. Mẹ́ta péré. Níbi tí à ń gbé, tí à ń san owó orí, tí a ti bímọ, tí a ti sin òkú wa.

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mi ò fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Èmi náà gbé ní Richmond fún ọ̀pọ̀ ọdún, mò ń kọjá níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé náà. Ọmọ mi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́jọ́ kan, tó wá bi mí pé, “Dádì, ta ni Wilder?” Mi ò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdáhùn, ohun tí mo sì rí ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ọkùnrin kan jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ yìí láti 1990 sí 1994. Èèyàn dúdú ni. Ọmọ ọmọ ẹrú ni. Ṣáájú rẹ̀, kò sí èèyàn dúdú kankan tí àwọn ará Amẹ́ríkà dìbò yàn sípò gómìnà ní ìpínlẹ̀ kankan. Lawrence Douglas Wilder ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn lè bi mí pé, Pinchback ńkọ́? Òótọ́ ni, Pinchback, èèyàn dúdú lòun náà, ṣe adelé gómìnà ní Louisiana fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láti Oṣù Kejìlá 1872 sí Oṣù Kìíní 1873. Adelé ni. Kì í ṣe ìbò ló gbé e débẹ̀.

Àwọn baba wa ní orí ni ẹni. Àwa náà, bí a bá rí ẹni tó dé ipò ńlá, a ó ní orí rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifá ní ìtàn kan tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ mọ́. Gbogbo orí kóra jọ, wọ́n gbìmọ̀, wọn ò pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìjà ni wọ́n fi tú ká. Mo fẹ́ fi ìtàn yẹn sọ́kàn bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí bí mo bá wo ìgbésí ayé Wilder, ẹsẹ̀ ni mò ń rí. Ẹsẹ̀ tó rìn.

ILÉ LÀ Ń WÒ

Apá kìíní ọ̀rọ̀ mi rèé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kìíní 1931 ni wọ́n bí Wilder, ní àdúgbò Church Hill níbí ní Richmond. Ọmọ keje ni nínú mẹ́jọ. Robert bàbá rẹ̀ ń bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣiṣẹ́, Beulah ni ìyá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wo ilé, wọ́n wo ayé tí wọ́n wà, wọ́n mú orúkọ lára èèyàn méjì: Paul Laurence Dunbar tó jẹ́ akéwì, àti Frederick Douglass, ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì fi ohùn rẹ̀ àti gègé rẹ̀ bá òwò ẹrú jà títí tí ẹrú fi dòmìnira. Orúkọ ọmọ níí ro ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sẹ́yìn díẹ̀. James ni orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀, Agnes ni ìyàwó rẹ̀. Ẹrú làwọn méjèèjì. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ra, wọ́n ta Agnes àti àwọn ọmọ fún olówó mìíràn ní agbègbè Hanover. Ó ku James nìkan. Kí ni James ṣe? Ó ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, bó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn lọ wo ìyàwó àti ọmọ. Ilẹ̀ á sì mọ́ lọ́jọ́ Ajé, á ti padà sóko. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tó ní láti gba ìwé kí ó tó lè fojú kan aya rẹ̀! Ọmọ ọmọ ọkùnrin yìí ló wá di ẹni tó ń fọwọ́ sí òfin fún Virginia. Ìran méjì péré ló wà láàárín wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé òwò ẹrú ti jìnnà, ẹ kà á lórí ìka yín.

Ẹnì kan bi mí níjọ́sí bóyá Yorùbá ni àwọn baba ńlá Wilder. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwọn tí wọ́n kó wá sí Virginia, àwọn ará ilẹ̀ Ìgbò àti agbègbè wọn pọ̀ nínú wọn gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Senegal òun Gambia, àti Àǹgólà. Àwọn tiwa, Cuba àti Brazil ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ. Mi ò ní fi ohun tí mi ò mọ̀ sọ Wilder di ọmọ wa. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ọmọ wa kí a tó kọ́gbọ́n lára rẹ̀.

Ó ka ìwé ní Virginia Union níbí ní Richmond, ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místrì ní 1951. Báwo ló ṣe rí owó san? Ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn òyìnbó olówó ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ìlú yìí. Àwa tí a ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí nígbà tí a kọ́kọ́ dé, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbé àwo kiri máa ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó dúró ò létí.

Wọ́n mú un wọṣẹ́ ológun, wọ́n gbé e lọ sí ogun Korea. Ní 1953, lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Pork Chop Hill, ó gba àwọn tó fara gbọgbẹ́ là, ó tún wà lára àwọn tó mú ọmọ ogun China mọ́kàndínlógún lẹ́rú ogun. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Bronze Star. Ó bọ̀ wá sílé tán, ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò òkú ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ nípa òfin. Virginia ìgbà náà ò fẹ́ fún èèyàn dúdú láyè nílé-ẹ̀kọ́ òfin rẹ̀. Ọ̀nà Washington ló gbà lọ, ó lọ sí Howard, ó sì jáde ní 1959. Ẹ sàmì sí ọdún yẹn. Ní 1959 yìí kan náà, agbègbè Prince Edward, tí kò jìnnà sí ibi tí a wà, ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pa, nítorí wọn ò fẹ́ kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jókòó nínú kíláàsì kan náà. Ọdún márùn-ún ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì. Ọmọ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́mọ ọdún mẹ́fà di ọmọ ọdún mọ́kànlá kó tó wọ kíláàsì. Virginia tí lọ́yà tuntun náà padà sí nìyẹn.

ẸNÌ KAN ṢOṢO LÁÀÁRÍN WỌN

Apá kejì. Ní Oṣù Kejìlá 1969, àyè kan ṣí sílẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Wilder jáde. Àwọn òyìnbó méjì jáde pẹ̀lú rẹ̀, gbajúmọ̀ làwọn méjèèjì. Ìbò àwọn òyìnbó pín sí méjì, Wilder gba àárín wọn wọlé. Èèyàn dúdú kankan ò tíì jókòó nílé yẹn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Kí ni ẹni tó kan ṣoṣo máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ wa á ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fara mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wilder ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ nílé náà, ní 1970, orin ìpínlẹ̀ ló dájú sọ. Orin tí Virginia ń kọ nígbà náà, ẹrú àtijọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, pé ọkàn òun ń fà sí oko olówó òun. Orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe èèyàn dúdú sì wà nínú rẹ̀. Wilder dìde, ó ní orin yìí ń bú èmi àti àwọn èèyàn mi, ẹ mú un kúrò. Inú bí àwọn kan, lẹ́tà èébú rọ̀ dé bí òjò. Wọn ò mú orin náà kúrò lọ́dún yẹn. Ó di 1997 kí wọ́n tó yọ ọ́ nípò. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n!

Ọ̀rọ̀ ìsinmi Martin Luther King tún ńkọ́? Ọdún dé, ó gbé àbá náà wá, wọ́n dà á nù. Ọdún mìíràn dé, ó tún gbé e wá, wọ́n tún dà á nù. Nígbà tó yá, ní 1984, wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe gbà á. Virginia ti ní ìsinmi kan tẹ́lẹ̀ fún Lee àti Jackson, àwọn ọ̀gágun tó jagun fún àwọn ìpínlẹ̀ tó fẹ́ kí oko ẹrú máa wà nìṣó. Wọ́n so King mọ́ wọn. Ọjọ́ Lee, Jackson àti King, ọjọ́ kan ṣoṣo! Ọmọ àwọn ẹrú àti àwọn tó jà kí oko ẹrú má bàa tú, wọ́n jọ ń jẹ àsè kan náà. Ṣé Wilder kọ̀ ọ́? Kò kọ̀ ọ́. Ó gba èyí tó wà lọ́wọ́. Ní 2000 wọ́n ya King sọ́tọ̀. Ní 2020 wọ́n pa ìsinmi Lee àti Jackson rẹ́ pátápátá. Ọjọ́ wo ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Ọjọ́ ìdìbò. Ìsinmi tí à ń gbà lóṣù Kọkànlá nìyẹn. Àwa kan ń fi ọjọ́ náà sùn, àwa kan ń fi ṣe iṣẹ́ ìlọ́po owó.

ỌKỌ̀ KAN, OṢÙ MÉJÌ

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà la dé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè kí n farabalẹ̀ sọ ọ́.

Ní 1985, Wilder ní òun fẹ́ ṣe igbákejì gómìnà. Ìbò gbogbo ìpínlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti àdúgbò kan. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ Democrat tó wà nínú rẹ̀ gan-an ń mikàn. Wọ́n ní bí a bá fi èèyàn dúdú síwájú, yóò fa gbogbo wa lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lówó bí àwọn yòókù. Èèyàn dúdú tó wà ní Virginia kò sì tó ẹyọ kan nínú márùn-ún. Bí gbogbo wọn bá dìbò fún un láìku ẹnì kan, kò ní wọlé.

Kí lẹ ó ṣe, bó bá jẹ́ ẹ̀yin? Ṣé ẹ ó jókòó sí Richmond kí ẹ máa pe ìpàdé àwọn tiyín? Ohun tí àwa ń ṣe nìyẹn o. A ó gba gbọ̀ngàn, a ó rán aṣọ ẹbí, a ó sọ̀rọ̀ fún ara wa, a ó pàtẹ́wọ́ fún ara wa, a ó lọ sílé.

Wilder wọ ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Cumberland Gap, ìkángun ìpínlẹ̀ yìí níhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù, níbi tí ilẹ̀ Virginia ti kan Kentucky àti Tennessee. Ilẹ̀ àwọn tó ń wa èédú ni, orí òkè ni, ẹ lè rìn níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kí ẹ má rí èèyàn dúdú kan. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀! Ìjọba ìbílẹ̀ 95 ló wà ní Virginia, ìlú tó dá dúró sì jẹ́ 41 nígbà náà. Ó dé gbogbo wọn. Nǹkan bí oṣù méjì ló fi rin ju 3,000 máìlì lọ. Ó ń yà sí ilé epo, ó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń yà sí oko, ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́, ó ń ní Wilder ni orúkọ mi.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ní ìlú kékeré, bí ẹni tó fẹ́ ṣe igbákejì gómìnà bá yà, ìwé ìròyìn ìlú náà á gbé e jáde, rédíò wọn á pè é. Lọ́jọ́ kejì, ó ti wà ní ìlú mìíràn, ìwé ìròyìn tibẹ̀ náà á gbé e. Kò san kọ́bọ̀. Owó tí kò ní láti fi polongo ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rọ́pò rẹ̀. Ohun kejì, ẹni tó ti rí ọ lójú, tó ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbẹ̀rù tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ́ dá sí i lára, kò ní wọ ọkàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí owó díẹ̀ wá wọlé, wọ́n ṣe ìpolówó kan lórí tẹlifíṣọ̀n: ọlọ́pàá òyìnbó kan láti ìgbèríko, pẹ̀lú èdè àwọn ará Gúúsù lẹ́nu rẹ̀, ló ń sọ pé Wilder ni òun fẹ́.

Ó fi nǹkan bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún borí.

Mo máa ń rò ó pé bàbá bàbá rẹ̀ rìn láti fojú kan àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọmọ wá rìn lọ bá àwọn tí kò tíì fẹ́ràn rẹ̀. Èwo ló le jù? Ẹ̀yin ẹ bá mi dá a lóhùn nínú ọkàn yín.

ÌBÒ 6,741

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, 1989, ó dìde fún ipò gómìnà. Marshall Coleman ti ẹgbẹ́ Republican ló bá a dù ú. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ gba iwájú gan-an lọ́dún yẹn, nítorí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ kan lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé èrò wa ò ṣọ̀kan lórí ìyẹn nínú gbọ̀ngàn yìí, mi ò ní dúró níbẹ̀.

Ọjọ́ 7 Oṣù Kọkànlá ni ìbò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò tí wọ́n ń bi èèyàn pé ta lo dìbò fún, wọ́n ní Wilder yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún borí. Inú dùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbò. Ìdá mẹ́wàá di márùn-ún, márùn-ún di ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ń yọ́ lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn kan wà tí wọ́n fi ẹnu sọ pé Wilder làwọn dìbò fún, tí ọwọ́ wọn ò sì tẹ ẹ́. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ohun tó wà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣèlú ń fi orúkọ Wilder pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tán, Wilder ní 896,936. Coleman ní 890,195. Àlàfo 6,741. Coleman ní kí wọ́n tún un kà, wọ́n tún un kà lóṣù Kejìlá, Wilder náà ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ pín 6,741 yẹn sí ìjọba ìbílẹ̀ 95 àti ìlú 41 tí mo ní ó rìn dé. Mélòó ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan? Kò pé àádọ́ta. Kò pé àádọ́ta ìbò fún ìlú kan! Àwa tí a jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí lọ́sàn-án òní ju àádọ́ta lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ìbò tòun ò lè tu irun kankan, ẹ ní kí ó wá bá mi. Àwọn tó bọ̀ lọ́wọ́ nílé epo ní 1985, àwọn ló kún àlàfo yẹn ní 1989. Èmi gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ọjọ́ 13 Oṣù Kìíní 1990 ni wọ́n búra fún un, lórí àtẹ̀gùn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àtẹ̀gùn tí mò ń kọjá níwájú rẹ̀ nìyẹn. Inú ilé yẹn ni ìgbìmọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tó jagun nítorí oko ẹrú ti ń ṣèpàdé láàárín 1861 sí 1865. Adájọ́ Lewis Powell tó ti fẹ̀yìn tì ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló búra fún un. Powell yìí kan náà ni alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Richmond láti 1952 sí 1961, nígbà tí wọ́n ṣì ń ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀. Òun ló wá búra fún gómìnà dúdú. Bí ènìyàn bá pẹ́ láyé, yóò rí nǹkan.

ỌDÚN MẸ́RIN PÉRÉ

Òfin Virginia ò gbà kí gómìnà jẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ọdún mẹ́rin, o di ará ilé rẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti búra fún un ló ti mọ ọjọ́ tí yóò kó ẹrù jáde.

Bó ṣe wọlé ni ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ihò tó wà nínú ètò ìṣúná ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Kò fi kún owó orí. Ó gé ìnáwó. Ó dun àwọn èèyàn o, ẹ má jẹ́ kí n fi pamọ́ fún yín: owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ sókè, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò kúrò lójú kan, àwọn mìíràn pàdánù iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ yóò máa fi owó pamọ́ sí de ọjọ́ ìṣòro, àwọn olùdìbò sì fọwọ́ sí i ní 1992, ó wọ inú òfin gbogbogbò. Kì í tán nígbá osùn ká má rí fi pa ọmọ lára. Àpò náà ṣì wà dòní olónìí. Ọkùnrin tí wọ́n ní kò ní mọ owó ná ló fi àpò sílẹ̀ fún wọn.

Ní Oṣù Karùn-ún 1990, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n, ó lọ síbi ayẹyẹ ìgboyè ní Norfolk State, ó kéde pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Virginia yọ owó wọn kúrò nínú àwọn kọ́ńpìnnì tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa ṣòwò. Kò sí ìpínlẹ̀ Gúúsù kankan tó ṣe é ṣáájú. Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà nígbà yẹn, a mọ bí ọ̀rọ̀ South Africa ṣe rí lára wa. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹnì kan ń ṣe tirẹ̀ ní Virginia.

Ní 1993 ó tún fọwọ́ sí òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra ju ìbọn ìléwọ́ kan lọ lóṣù kan. Ìdí ni pé àwọn ènìyàn ń wá kó ìbọn níbí bí ẹni ń ra iṣu lọ́jà, wọ́n ń gbé e lọ sí New York. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 2012, wọ́n dá a padà ní 2020.

IBI TÍ ẸSẸ̀ TI KỌ

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ìyìn lásán ni mo kì. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí.

Nígbà tó wà ní sẹ́nétọ̀, ó ti lòdì sí ìdájọ́ ikú. Kó tó di gómìnà, ó ti yí padà. Ju èèyàn mẹ́wàá lọ ni Virginia pa nígbà tó wà lórí oyè. Ọkùnrin dúdú kan sì wà lẹ́wọ̀n tó ń dúró de ikú, ọpọlọ rẹ̀ ò jí pépé, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Àyẹ̀wò DNA ní 1993 ń fi hàn pé kì í ṣe òun. Ní Oṣù Kìíní 1994, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí Wilder fi ipò sílẹ̀, ó yí ikú rẹ̀ padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ó gbà á lọ́wọ́ ikú, mo dúpẹ́. Àmọ́ kò dá a sílẹ̀. Gómìnà mìíràn ló wá dárí jì í pátápátá ní 2000. Ọdún mẹ́fà sí i nínú ẹ̀wọ̀n fún ohun tí kò ṣe. Mo ti gbìyànjú láti yé ara mi ìdí tí ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ń gba ìwé àṣẹ kó tó rìn fi lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìkọ ọ́ tán. Kò tíì yé mi.

Ó tún ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, pàápàá òun àti Charles Robb, ẹni tó ti jẹ gómìnà rí. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1991 ó ní òun fẹ́ ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn ará ilé sì ń ráhùn pé gómìnà àwọn ò sí nílé. Ní ọjọ́ 8 Oṣù Kìíní 1992, ó yọwọ́. Ẹsẹ̀ tó gbé e dé gbogbo ìlú Virginia ló tún gbé e jìnnà sí Virginia.

Ó padà wá ṣe olórí ìlú Richmond láti 2005 sí 2009. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní 2007, ó ní kí wọ́n kó ẹrù ọ́fíìsì àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ jáde nínú ilé ìjọba ìlú. Adájọ́ ló dá a dúró lóru náà. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtàn òwò ẹrú tó fẹ́ kọ́ sí Fredericksburg, ilẹ̀ ti wà nílẹ̀, owó ò tó, gbèsè gba ibẹ̀, kò di kíkọ́. Ìyẹn náà dùn mí, nítorí mo ti ń retí ọjọ́ tí màá kó àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀.

Ó ku nǹkan kan, mo fẹ́ kí ẹ gbé e lọ sílé.

Arthur Ashe, agbá-tẹ́níìsì tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọ Richmond ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọn ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìlú tí àwọn òyìnbó ti ń gbá a. Oṣù Kejì 1993 ló kú. Wilder ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sílé gómìnà kí ará ìlú wá dágbére fún un. Ẹni tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kẹ́yìn kó tó kan Ashe, ó tó àádóje ọdún. Ta ni? Ọ̀gágun Jackson ni, ní 1863. Jackson tí wọ́n so King mọ́ lọ́jọ́ ìsinmi yẹn. Ilé kan náà ni. Ilé tí àwọn ẹrú ti ń fọ̀, tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n sì ń gbé lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn èèyàn dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Dúdú, funfun, àgbàlagbà tó fi ọ̀pá rìn, ọmọ tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Òtútù Oṣù Kejì, ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n tò, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, wọ́n kọjá lára pósí, wọ́n jáde. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìwé àṣẹ.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Mo rí ọwọ́ kan lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ. Dìde, béèrè.